Nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù: ibo ni agbára rẹ̀ wà, báwo ló sì ṣe ń lò ó?

Agbẹ̀bíÒkèOdò (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè yìí wà fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé dénú. Bí wọ́n bá gbé nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí lọ sí ibùdó ìlera ní wọ́ọ̀dù kan, tí wọ́n sì fi í ṣe OIC (ọ̀gá tó ń bójú tó ibùdó), ìwé tí wọ́n fún un sọ pé òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì bá bàjẹ́, lẹ́tà ni yóò kọ. Bí oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, bá tán, yóò dúró de ìjọba ìbílẹ̀. Bí aboyún bá dé pẹ̀lú gìrì, àwọn kan á ní kó má fọwọ́ kàn án, kó sáré gbé e lọ sí jẹ́nẹ́rà, ìyẹn ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Ọdọọdún ni wọ́n ń pe irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrónilágbára, wọ́n á fún un ní báàgì àti ìwé ẹ̀rí, á sì padà sídìí tábìlì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni nọ́ọ̀sì yìí lè ṣe láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ibo ni òfin àti ìlànà ti ṣí ọ̀nà fún un? Kí ló ń dí i lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn lè fọwọ́ mú ni kí ẹ sọ.

Màtírọ́ọ̀nùÀgbà:
Ẹ ṣeun, agbẹ̀bí wa. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Rosabeth Moss Kanter, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó sọ ní 1977 pé ètò ibi iṣẹ́ ló ń fún òṣìṣẹ́ lágbára tàbí tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká wo ohun mẹ́rin: ṣé ìròyìn ń dé etí rẹ̀, ṣé ẹnì kan dúró tì í, ṣé ohun èlò wà, ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Heather Laschinger ní Kánádà ló wá mú èrò yìí wọ inú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo fara mọ́ ọn, torí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ tàbí ojo.

Àmọ́ ní ibùdó wọ́ọ̀dù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba. Ohun èlò ló ṣáájú. Ẹ lè fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ èèyàn nípa ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí kò bá rí oxytocin tó tutù lóru Sátidé, ẹ̀kọ́ náà á kàn dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀ ni, nítorí ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò sì rí i ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó, ìwé mẹ́ta ni kó wà nínú fáìlì OIC. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tó fi í ṣe OIC, tó ní ọjọ́, nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù; ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, torí báǹkì ò ní gbà á. Èkejì ni láísẹ́ǹsì Nursing and Midwifery Council tí kò tíì kú. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dọ̀tun láì ṣe MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú tó sì fún aboyún lábẹ́rẹ́ kò ní ògiri tí yóò fi ẹ̀yìn tì bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Ẹ̀kẹta ni ìlànà ìtọ́jú tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ ibùdó ló tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ ilé.

OníṣiròWọ́ọ̀dù:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kò mọ̀ pé agbára ti wà lọ́wọ́ wọn.

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti 2014, ló dá àpò BHCPF sílẹ̀, ìyẹn àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Òfin náà ní kó má ṣe dín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò àpapọ̀ ìjọba. Ìṣúná 2018 ni owó rẹ̀ kọ́kọ́ wọ. Nínú rẹ̀, òfin ya ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ láti gba ọ̀dọ̀ NPHCDA, àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ti ìjọba àpapọ̀, kọjá: 20 fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn ohun tí à ń lò tán, 15 fún ilé, ohun èlò àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́. Owó náà ń gba ọwọ́ àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ lọ sí àkáǹtì báǹkì ibùdó fúnra rẹ̀. Ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí ìwé owó: OIC àti aṣojú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, ìyẹn WDC. Ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó o, kì í ṣe òun ló ń ná an.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibùdó á kọ ètò ìnáwó. Kí OIC, àwọn òṣìṣẹ́ àti WDC jọ rìn yí ilé ká pẹ̀lú bírò: páìpù tó ń jò, bẹ́ẹ̀dì tó ti ya, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, oògùn tó ti tán. Ẹ wá lọ béèrè iye rẹ̀ lọ́jà kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ iye tó wù ú láti inú orí, ọjà á dójú tì í. Ká fi ₦300,000 ṣe àpẹẹrẹ: oògùn ₦135,000, ìbọ̀wọ́, òwú àti síríńjì ₦45,000, àtúnṣe páìpù àti fíríìjì ₦50,000, ọkọ̀ fún ìjáde sí abúlé ₦30,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦20,000, ohun ìmọ́tótó ₦15,000, owó tí báǹkì ń yọ ₦5,000. Kí ẹ má gbàgbé ti báǹkì yẹn. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ sínú ètò, àkáǹtì á dín, ẹ ò sì ní rí ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ jù ni ìjíhìn. Ìwé ìsanwó, rìsíìtì, ìwé tó fi hàn pé ọjà wọ stóò, ìwé àkọsílẹ̀ owó: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ sọ iye kan náà àti ọjọ́ tó bára mu. Bí rìsíìtì kò bá ní orúkọ ibùdó tàbí ọjọ́, àwọn aṣàyẹ̀wò á gbé e sọ nù. Bí ẹ kò bá jíhìn owó àkọ́kọ́ lásìkò, èkejì kò ní wọlé, gbogbo èèyàn á sì máa pariwo pé ìjọba ti gbàgbé ibùdó yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí tábìlì ibùdó fúnra rẹ̀ ni ìṣòro náà wà, nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ parí. Ẹ máa gbé ìwé àkọsílẹ̀ owó ka orí ìwé báǹkì ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú ogún ni.

Ọmọ_Ìlàrè:
Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ ṣeun. Bí alága WDC bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ńkọ́? Tàbí tó ní kí wọ́n yọ tòun kí òun tó fọwọ́ sí i?

OníṣiròWọ́ọ̀dù:
Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yẹn yàtọ̀ síra. Bó bá jẹ́ pé kì í sí nílé ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé WDC fẹ́ fi akápò rọ́pò rẹ̀ lórí àkáǹtì, kí iye èèyàn tó yẹ pé sí ìpàdé náà, kí àwọn tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí lẹ́tà gba ọ̀dọ̀ aláṣẹ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kọjá sí báǹkì. Ó ń gba àsìkò, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ tí oògùn tán.

Bó bá jẹ́ pé ó ń béèrè owó, má bá a jà ní kọ̀rọ̀. Ẹ máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè ní ìpàdé WDC, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi táwọn aláboyún ń jókòó sí. Ẹ rí i pé ìyálọ́jà àti àwọn obìnrin míì wà nínú ìgbìmọ̀ náà, torí wọ́n mọ iye ọjà, wọn kì í sì í fọwọ́ sí irọ́. Owó tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti rí lára ògiri, ó ṣòro kí ẹnì kan dá a yọ. Bí ó bá ṣì ń tẹ̀síwájú, ẹ gbé e lọ sí àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìpàdé, kì í ṣe lórí fóònù.

Olùkọ́Agbẹ̀bí:
Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti gìrì, nítorí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Pé kí nọ́ọ̀sì má fọwọ́ kàn án, kó kàn gbé e lọ: àṣìṣe ńlá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ibi tí kò bá ti sí àyè láti fún aboyún ní gbogbo ìtọ́jú magnesium sulfate, oògùn tó ń dá gìrì dúró, kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ síwájú kíákíá. Kò sí pé a ń dúró de dókítà tàbí àbájáde láàbù.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ náà jẹ́ gíráàmù 14. Gíráàmù 4 ń gba ojú iṣan: ẹ fa mílílítà 8 lára magnesium tó jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi omi abẹ́rẹ́ mílílítà 12 là á kó di mílílítà 20, ẹ fi í wọ iṣan díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú márùn-ún, tó bá lè tó ogún ó tún dáa. Gíráàmù 10 tó kù ń lọ sí ìdí, 5 sí ọ̀tún, 5 sí òsì, wọ inú ẹran jinlẹ̀, pẹ̀lú mílílítà 1 lignocaine (oògùn ìkúnlára) ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún nínú síríńjì kọ̀ọ̀kan torí ó máa ń ta gan-an. Bí ojú iṣan kò bá ṣeé rí, ẹ fún un ní gíráàmù 10 ti ìdí náà, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú.

Kí ẹ tó tún fún un ní gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin sí i, bí ọkọ̀ bá pẹ́, ẹ wo mẹ́ta: kí ó máa mí tó ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí orúnkún rẹ̀ máa tají bí a bá fi òòlù kékeré lù ú, kí ìtọ̀ rẹ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí mímí bá lọ sílẹ̀, ẹ dá magnesium dúró, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó máa mí, kí ẹ fún un ní calcium gluconate gíráàmù 1 díẹ̀díẹ̀ ní ojú iṣan. Ìgò calcium yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú magnesium.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀: síríńjì mílílítà 20 kò sí, wọ́n á wá fi ti 5 ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ìwọ̀n á sì dàrú. Tàbí kí wọ́n fi ti ìdá 50 wọ iṣan láì là á, èyí tó léwu púpọ̀. Tàbí kí wọ́n má kọ aago tí wọ́n fún un, kí ilé-ìwòsàn ńlá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ kọ aago àti ìwọ̀n sórí ìwé ìfiránṣẹ́, ẹ tún kọ ọ́ sórí pílásítà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbèríko:
Ẹ kú làákàyè, Olùkọ́. Ẹ bá wa fi ti ìsun ẹ̀jẹ̀ kún un.

Olùkọ́Agbẹ̀bí:
Ó dáa. Ìdènà kọ́kọ́: oxytocin 10 IU sínú ẹran láàárín ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ojú wo ẹ̀jẹ̀ kí ẹ sì sọ pé «kò pọ̀». Ojú máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Lo ọ̀rá ìgbẹ̀jẹ̀ tó ní ìlà ìwọ̀n lára. Bó bá dé mílílítà 500, tàbí 300 tí ìlù ọkàn ti ń yára jù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń wálẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ tẹ ilé-ọmọ, ẹ fún un ní oxytocin, ẹ fún un ní tranexamic acid (oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá) gíráàmù 1 ní ojú iṣan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ so omi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi ọmọ kù sínú tàbí ojú ara ya, ẹ pe fún ọkọ̀. Ẹ jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ má ṣe èyí, dúró, kí ẹ tó ṣe ìkejì. Tranexamic acid kò wúlò mọ́ bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn ìbímọ.

Ìwádìí E-MOTIVE tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, ní ilé-ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, fi hàn pé ṣíṣe gbogbo rẹ̀ papọ̀ báyìí dín ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti àwọn àbájáde búburú rẹ̀ kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Agbẹ̀bí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi èyí hàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ fún un lóògùn títí dókítà á fi dé.

CHEW_ÌlúÒkè:
Ẹ̀yin màmá wa, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà. Ní ibùdó kan, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹyọ kan, àwa CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, sì jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí agbára nọ́ọ̀sì bá túmọ̀ sí pé kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ibùdó á ti sú èèyàn kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ìlànà pípín iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2014 ti fún wa láyè láti ṣe púpọ̀, títí kan fífi ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí apá. Ìwé Standing Orders tiwa, tó sọ ìtọ́jú tí a lè ṣe, náà ń bẹ.

Màtírọ́ọ̀nùÀgbà:
O ṣeun gan-an, ọmọ mi, ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kàn ni. Nọ́ọ̀sì tó bá ń gbẹ̀bí, tó ń gún àjẹsára, tó ń kọ rẹ́jísítà, tó sì ń tà oògùn, kò lè jẹ́ ọ̀gá ohunkóhun. Agbára rẹ̀ ni láti pín iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé, kí ó sì mójú tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi ti apá ṣe àpẹẹrẹ. Kí nọ́ọ̀sì dúró ti CHEW títí ó fi ṣe é dáadáa lójú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé pé lágbájá lè dá a ṣe. Ohun tó yẹ kó ṣọ́: apá inú, apá tí kì í ṣiṣẹ́ jù, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lókè egungun ìgúnpá; oògùn ìkúnlára tó tó; kí abẹ́rẹ́ máa gbé awọ sókè bó ṣe ń wọlé. Bí kò bá gbé e, ó ti jìn jù nìyẹn, ọjọ́ yíyọ ni ìyà rẹ̀ máa jáde. Lẹ́yìn tí ó bá wọlé, kí obìnrin náà àti òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ kàn án lábẹ́ awọ. Èyí tó jẹ́ igi kan ń lo ọdún mẹ́ta, Jadelle onígi méjì ń lo ọdún márùn-ún. Kí wọ́n kọ ọjọ́ yíyọ sórí káàdì. Yíyọ èyí tó jìn sínú ẹran, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ wá a kiri. Ẹ fi ránṣẹ́.

Kí ìwé iṣẹ́ oṣù wà lára ògiri, orúkọ níwájú iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi pín in, ọjọ́ tí nǹkan bá yí ni gbogbo èèyàn á sọ pé àwọn ò mọ̀.

StóòKípà:
Ẹ má ṣe gbàgbé oògùn tó máa ń tán. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ka iye tí ẹ lò ní oṣù mẹ́ta, ẹ pín in sí mẹ́ta. Bí oxytocin tí ẹ lò bá jẹ́ 36, 42 àti 48, ìpíndọ́gba rẹ̀ ní oṣù kan jẹ́ 42. Bí ibùdó bá fẹ́ ní ti oṣù mẹ́ta nílẹ̀, 126 ni. Bí 30 bá ṣẹ́kù, ẹ béèrè 96.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún oṣù tí oògùn tán. Bó bá tán fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹ lò 28 ní ogúnjọ́ tó kù, ẹ má kọ 28. Ẹ pín 28 sí 20, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30, yóò fún yín ní 42. Ẹni tó bá kọ 28 ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ béèrè oògùn tó kéré, yóò sì tún tán lóṣù tó ń bọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ibùdó ti ń rì nìyí, wọ́n á máa sọ pé stóò ìpínlẹ̀ ò fẹ́ràn wọn.

Tí ẹ bá ń ta oògùn lábẹ́ owó tó ń yí, níbi tí owó oògùn tí ẹ tà ni ẹ tún fi ń ra òmíràn, ẹ gbé iye rẹ̀ ka ọjà tí ẹ máa tún rà, kì í ṣe èyí tí ẹ ti rà. Oògùn tí ẹ rà ní ₦500, tí ẹ ń tà ní ₦550 nígbà tí ọjà ti di ₦650: bí ẹ bá ń ṣe é báyìí lọ, ọjà tí owó náà lè rà á máa dín títí á fi gbẹ. Ọ̀pọ̀ owó oògùn tó ń yí ló kú báyìí, láì sí olè kankan níbẹ̀.

FíríìjìTútù:
Mo fi ti àjẹsára kún un ní ṣókí. Ìwọ̀n otútù fíríìjì gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 °C, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè náà wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n dídì ló ń pa penta (àjẹsára fún àrùn márùn-ún), hepatitis B, Td (ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti diphtheria) àti IPV (abẹ́rẹ́ polio) láì sí ẹni tó mọ̀. Ẹ má gbé wọn sún mọ́ ògiri yìnyín. Bí ẹ bá fura sí penta, hepatitis B tàbí Td, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò irú rẹ̀ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú kó dì: èyí tó bá wálẹ̀ kíá bíi tirẹ̀, ẹ gbé e sọ nù. IPV kò ṣeé fi gbígbọ̀n mọ̀, nítorí náà ìwé ìwọ̀n ojoojúmọ́ ni ẹ máa gbọ́kàn lé fún un. BCG, measles àti yellow fever tí a ti là kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì tó bá ní ìwé ìwọ̀n oṣù mẹ́fà tó pé pérépéré lọ́wọ́ ló lè fi ẹ̀rí béèrè fíríìjì tuntun. Lẹ́tà lásán kì í gba nǹkan.

ỌmọLọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú iṣẹ́ nílé o. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì àdúgbò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó bá ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kọ oògùn fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní 1986, ìjábọ̀ Cumberlege lórí nọ́ọ̀sì àdúgbò sọ pé ó yẹ kí wọ́n fún wọn ní àṣẹ. Òfin rẹ̀ dé ní 1992. Ìdánwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1994, pẹ̀lú ìwé oògùn kékeré tó kún fún báńdéèjì, oògùn ojú egbò àti oògùn ìgbẹ́. 2006 ni wọ́n tó ṣí i fún ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ tó pé láti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn. Ó gba ogún ọdún. Ẹ wo bó ṣe lọ: ìwé oògùn kékeré tó ṣeé ṣọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìdánwò wà, orúkọ ẹni tó ní àṣẹ náà sì wà nínú rẹ́jísítà tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ní Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì lè béèrè irú ìwé oògùn kékeré bẹ́ẹ̀ fún ibùdó wọ́ọ̀dù: magnesium, oxytocin, misoprostol, oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mélòó kan. Ó rọrùn láti jà fún ju «ẹ fún wa lágbára» lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbèríko:
Ọ̀rọ̀ yín dára, àbúrò wa. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró nílé láti lò ó? Ìlànà NPHCDA ní kí ibùdó wọ́ọ̀dù ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin. Ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ ní.

Ẹ wo Midwives Service Scheme, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń rán agbẹ̀bí lọ sí ìgbèríko, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ètò náà dára: ibùdó mẹ́rin so mọ́ jẹ́nẹ́rà kan, agbẹ̀bí mẹ́rin sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, ibùdó 652 lápapọ̀. Àpò mẹ́ta ni owó ń ti ibẹ̀ wá: ₦30,000 láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ₦20,000 láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, ₦10,000 láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ti àpapọ̀ ń wọlé, ti méjì tó kù kì í dé tàbí kó pẹ́. Ilé tí wọ́n ṣèlérí kò sí. Àwọn agbẹ̀bí lọ. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè rọ́pò ilé tó ní omi àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì lóru. Ẹni tó ń bẹ̀rù láti ṣílẹ̀kùn fún aboyún ní aago méjì òru kò ní agbára, kódà kó ní láísẹ́ǹsì mẹ́wàá. WDC lè ṣe èyí ju ìjọba lọ: ilé nítòsí ibùdó, ẹni tó ń ṣọ́nà, fìtílà sólà, nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ mẹ́ta tó ti gbà láti máa gbé aboyún lóru.

Màtírọ́ọ̀nùÀgbà:
Òtítọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Mo tún fẹ́ sọ ti rẹ́jísítà. Lóṣooṣù, ibùdó ń kó ìsọfúnni ránṣẹ́ sí DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó ìsọfúnni ìlera sí, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ lò ó fún ara yín. Penta 1 tí ẹ gún jẹ́ 80, penta 3 jẹ́ 60: ẹ yọ 60 kúrò nínú 80, ẹ pín 20 sí 80, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bó bá ti kọjá ìdá 10, àwọn ọmọ ń dínkù lójú ọ̀nà. Ẹ wo rẹ́jísítà: abúlé wo ni wọ́n ti wá? Bí púpọ̀ bá jẹ́ láti abúlé kan tí odò wà láàárín, ó di ìjáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì wọ inú ètò ìnáwó tí Oníṣirò sọ lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọfúnni ṣe ń di owó.

Agbẹ̀bíÒkèOdò:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ìbéèrè kan ló kù. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ síbẹ̀, tí OIC tó ń lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́: kí ni kó ṣe ṣáájú?

OníṣiròWọ́ọ̀dù:
Kó má gba kọ́kọ́rọ́ láìka nǹkan. Kí àwọn méjèèjì jọ ka oògùn, ohun èlò, ìwé owó àti ìwé sọ́wédowó, kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n fọwọ́ sí i lójú aṣojú WDC: ọ̀kan fún ẹni tó ń lọ, ọ̀kan fún ibùdó, ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kó kọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí kò bá kọ ọ́, tirẹ̀ ló ti dà. Kó gba ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà tó kọjá, kó sì béèrè owó tí wọn ò tíì jíhìn rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa dá dúró fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kó kọ lẹ́tà sí báǹkì láti yí orúkọ tó ń fọwọ́ sí i padà. Títí báǹkì á fi dáhùn, owó kò ṣeé yọ, nítorí náà kó rí i pé magnesium, oxytocin àti ìbọ̀wọ́ tó wà nílẹ̀ á tó oṣù méjì. Bí kò bá tó, kó sọ fún aláṣẹ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.